Àlejò Tí Kì Í Sálámà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìpè àti Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí A Kò Béèrè

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí lè má tóbi lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ti wọ ilé gbogbo wa. Ènìyàn á wà nídìí oúnjẹ, fóònù á dún. Á sáré nu ọwọ́, á gbé e sétí, ohùn tí wọ́n ti gbà sínú ẹ̀rọ ni yóò máa sọ fún un pé kí ó tẹ nọ́ńbà kan kí ó lè jẹ ẹ̀bùn. Lóru, àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, ẹni tí ó ní aláìsàn nílé ìwòsàn á fò dìde pẹ̀lú ìbẹ̀rù, àṣé ẹni tí ń ta ilẹ̀ ni. Nínú mọ́sálásí wa níbí, lákòókò tí lèmọ́mù wà nínú ìrun, a ti gbọ́ fóònù tí ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí a sálámà tán tí baba tí ó ni ín wò ó, kì í ṣe ọmọ rẹ̀, kì í ṣe oníbàárà rẹ̀. Ìpolówó ni.

Nínú Sūratu n-Nūr, Ọlọ́hun kọ́ wa bí a ti ń wọ ilé onílé: kí á tọrọ àyè, kí á sálámà sí àwọn ará ilé, bí wọ́n bá sì ní kí á padà, kí á padà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ilẹ̀kùn onípákó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Lójú tiwa, fóònù tí ó wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹni sún mọ́ni ju ẹnu ọ̀nà lọ.

Àṣà náà kì í ṣe tòní. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gary Thuerk, tí ń bá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan polówó ọjà ní Amẹ́ríkà, fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà sí nǹkan bí 400 ènìyàn tí kò bi í léèrè ohunkóhun. Wọ́n bínú sí i. Ní ilẹ̀ tiwa, nígbà tí tẹlifóònù ṣì jẹ́ ti àwọn ènìyàn díẹ̀, ìyọnu bẹ́ẹ̀ kò kàn wá. Oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù alágbèéká tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, nígbà tí fóònù sì di ti onígbá àti aláwo, ọjà dé.

Àwọn òbí a máa bi wá léèrè pé: níbo ni wọ́n ti rí nọ́ńbà wa? Nígbà mìíràn, wọn kò rí i níbì kankan. Nọ́ńbà fóònù ní bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó kù kò ju òǹkà lọ. Kọ̀ǹpútà lè to ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ jọ kí ó sì ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé owó àtẹ̀jíṣẹ́ tí a rà lọ́pọ̀ kéré gan-an. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á dá irú ìpè bẹ́ẹ̀ lóhùn pẹ̀lú èébú. Ẹni tí ó dáhùn ti jẹ́rìí pé ènìyàn wà nílé, nọ́ńbà tí a bá sì mọ̀ pé ènìyàn wà lórí rẹ̀ ti di ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àwa fúnra wa ni a fi nọ́ńbà sílẹ̀: nínú ìwé tẹ́tẹ́ oríire ní ilé ìtajà, nínú ìwé àlejò ní ọ́fíìsì, lórí ètò tí a gbà sórí fóònù tí ó ní kí á jẹ́ kí òun wo orúkọ gbogbo ẹni tí a mọ̀, tí a sì tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" láìkà á. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan burú nínú èyí. Bí ẹni tí ó jẹ gbèsè kò bá tíì san, wọn a kọ̀wé sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí lèmọ́mù rẹ̀ pàápàá, pé olè ni. Ẹni tí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn á máa jí sí ìpè wọn. Ní ọdún 2022 ni àjọ FCCPC tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà gbé ìlànà kalẹ̀ fún wọn, kí ayánilówó fi orúkọ sílẹ̀ kí ó tó ṣiṣẹ́.

Ọ̀nà wo wá ni a lè gbà? Ní ọdún 2016, àjọ NCC tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà pàṣẹ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n ṣí nọ́ńbà 2442 sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà. DND ni wọ́n ń pe ètò náà, ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju "ẹ má yọ mí lẹ́nu" lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìpolówó kankan, kí ó kọ STOP, kí ó fi ránṣẹ́ sí 2442. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí díẹ̀ máa wọlé, kí ó kọ HELP sí nọ́ńbà kan náà. Wọn yóò fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí i: ọ̀rọ̀ báńkì, ilé àti ilẹ̀, ẹ̀kọ́, ìlera, eré ìdárayá, títí kan ẹ̀sìn, kí ó mú èyí tí ó wù ú. STATUS ni a ń kọ bí a bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa dé. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe STOP tí iṣẹ́ tí báńkì ń rán sí wọn nípa owó wọn sì dáwọ́ dúró, nítorí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é, ẹ kíyè sí i bóyá ti báńkì yín ṣì ń wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ padà lo HELP.

Agbára 2442 ní ibi tí ó mọ. Ẹni tí ó gba ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ wọlé nìkan ni ó lè dá dúró. Ẹni tí ó ra síìmù tirẹ̀ tí ó jókòó sínú yàrá tí ó ń pe àwọn ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètò náà kò mọ̀ ọ́n.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti owó tí ń lọ láìsọ̀rọ̀. Ìyá kan nínú àwọn òbí wa, tí ń din àkàrà, wá bá wa ní ọ́fíìsì lẹ́yìn Iléyá. Ara ọmọ rẹ̀ gbóná lóru, ó fẹ́ pe àbúrò rẹ̀ tí ó ní ọkọ̀. Ó ti fi 200 náírà sínú fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì pe ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ohùn inú ẹ̀rọ ní owó rẹ̀ kò tó. Alhamdulillahi, aládùúgbò yá a ní fóònù, ọmọ náà sì ti padà sí kíláàsì. Nígbà tí a yẹ fóònù rẹ̀ wò, iṣẹ́ mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ wà lórí wọn láìmọ̀: orin tí ń dún sétí ẹni tí ó bá pè é, ọ̀rọ̀ ìyànjú òwúrọ̀, àti ìròyìn bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè. Ìyá yìí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ̀ bóyá ènìyàn mélòó ní ń gbá bọ́ọ̀lù.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ kan á ṣàdédé bo ojú fóònù, ẹni tí ń wá ọ̀nà láti pa á rẹ́ á tẹ OK, iṣẹ́ náà á sì bẹ̀rẹ̀. Bí àsìkò rẹ̀ bá pé, á tún ara rẹ̀ ṣe, á tún gba owó. Kí ẹni tí ó bá fura pe 300, tí ó jẹ́ nọ́ńbà olùrànlọ́wọ́ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, kí ó sọ pé kí wọ́n ka gbogbo iṣẹ́ tí ó wà lórí nọ́ńbà òun, kí wọ́n yọ gbogbo wọn kúrò, kí wọ́n sì dá owó òun padà. Kí ó kọ ọjọ́, aago àti nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n bá fún un sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ọjọ́ dọ́jọ́, kí ó pe NCC fúnra rẹ̀ lórí 622. Nínú ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a pè, wọ́n sì yọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó kò tíì padà títí tí a fi kọ ìwé yìí. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 náà fún oníkálukú ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ àti nọ́ńbà òun polówó.

Fún àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìwé yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn, TPS wà níbẹ̀ láti ọdún 1999. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ méjèèjì.

Ti oníjìbìtì tí ó ní òun ń pè láti báńkì kò gùn. Báńkì kì í béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì ẹni, kì í sì í béèrè nọ́ńbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù ẹni. Ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀, kódà kí ó mọ orúkọ baba yín, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ sí báńkì.

Ó ku irú kan, àwa onímọ́sálásí ni a sì ń tà á fún ara wa. Ẹ̀yin àgbà kò ní gbàgbé lẹ́tà tí wọ́n máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri, pé Ṣéù Ahmad, olùtọ́jú mọ́sálásí Ànábì ní Mẹ̀dínà, lá àlá. Pé ẹni tí ó bá dà á kọ tí ó pín in yóò là, ẹni tí ó bá sọ ọ́ nù, àjálù yóò bá a. Ọ̀pọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù, wọ́n fi owó oúnjẹ san owó ẹ̀rọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí lẹ́tà yìí ti ń rìn káyé, Ṣéù náà kò kú, kò sì darúgbó! Àáfà àgbà ilẹ̀ Sáúdì, Abdul-Aziz ibn Baz, tí ó kú ní ọdún 1999, kọ ìwé láti fi hàn pé irọ́ ni. Nísinsìnyí, lẹ́tà náà ti bọ́ aṣọ ìwé, ó ti gbé ti WhatsApp wọ̀: fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, ìwọ yóò gbọ́ ìròyìn ayọ̀ lálẹ́ yìí. Àwọn ọmọ kíláàsì wa kan sunkún nítorí pé dátà wọn tán kí wọ́n tó pé mẹ́wàá. A wí fún wọn pé rere àti búburú kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, a sì ní kí wọ́n pa á rẹ́ lójú wa. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá àwa olùkọ́ kò bẹ̀rù. A fi fóònù tiwa hàn án: ẹ̀ẹ̀mejìlá ni irú rẹ̀ ti wọlé láàárín oṣù Ààwẹ̀ nìkan, a kò sì fi ọ̀kan ránṣẹ́.

Ẹ̀yin òbí tí kò bá mọ bí a ti ń kọ̀wé sí 2442, tàbí tí ẹ bá fura sí owó inú fóònù yín, àwọn ọmọ kíláàsì àgbà yóò máa jókòó ní ọ́fíìsì ilé-kéwú lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ títí di Àsárì. Ẹ gbé fóònù wá, kí ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí owó tí ẹ ó san, ẹ má sì sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ báńkì yín fún wọn, ọmọ yín ni o, ọmọ wa ni.