Àrokò Ara Fàdákà: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Owó Gíríìkì Àtijọ́

Irọ́: Ẹ̀ṣọ́ lásán ni àwòrán ara owó Gíríìkì. Ohun tó wu oníṣọ̀nà ló yà.

Òótọ́: Àwọn Gíríìkì ìgbà náà kò sí lábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Ìlú wọn dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tó bá sì ń rọ owó á fi àmì tirẹ̀ sí i. Òwìwí ni ti Athens, nítorí ẹyẹ Athena ni, òrìṣà tó ni ìlú náà. Ẹṣin abìyẹ́ ni ti Corinth. Ìyẹn ò le. Èyí tó máa ń da ẹni tó ń kó owó yìí jọ láàmú ni irú ti Ankon, létí òkun Ítálì: apá ènìyàn tó ká, tó di imọ̀ ọ̀pẹ mú, kò sí orí, kò sí ara. Kí ni apá ń wá lórí owó?

Ankon ni Gíríìkì ń pe ìgúnpá. Etíkun ibẹ̀ tẹ̀ bí apá, ìlú sì ń fi àwòrán pe orúkọ ara rẹ̀. Bákan náà ni Selinus ní Sicily ṣe ya ewé selinon, tí Rhodes ya rhodon, òdòdó róòsì.

Inú mi dùn sí èyí gan-an, nítorí irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa a máa di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọn fà sí, torí pé ẹ̀fà ni. Wọn a fi mẹ́jọ sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn jọ. Ẹni tí kò gbọ́ èdè, owó lásán ló máa rí níbẹ̀.

Irọ́: Ọkùnrin tó dé awọ kìnìún lórí owó Alexander, Alexander fúnra rẹ̀ ni.

Òótọ́: Heracles ni, akọni tí àwọn ọba Macedonia ń pè ní baba ńlá wọn. Owó Amyntas Kẹta, baba bàbá Alexander, ti gbé orí yìí kí wọ́n tó bí Alexander ní 356 ṣáájú ìbí Jésù. Ẹni tó bá fẹ́ rí Alexander, kó wo owó Lysimachus, ọ̀gágun rẹ̀: ìwo àgbò ká mọ́ ọn létí.

Irọ́: Owó tí àwòrán rẹ̀ bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ayédèrú ni.

Òótọ́: Ọwọ́ ni wọ́n fi lù ú. Òǹtẹ̀ kan wà nísàlẹ̀, wọ́n gbé fàdákà lé e, wọ́n gbé òǹtẹ̀ kejì lé fàdákà, wọ́n sọ òòlù. Bí ọwọ́ bá yẹ̀, ìyẹ́ òwìwí á bọ́ sẹ́yìn etí owó. Méjì tó bára mu délẹ̀, títí kan ibi tí òǹtẹ̀ ti yẹ̀, ni kí ẹ fura sí.

Ìwọ̀n ni wọn kì í fi ṣeré. Òwìwí drachma mẹ́rin ti Athens wọn nǹkan bíi giramu 17, fàdákà ilẹ̀ Laurion sì ni wọ́n fi rọ ọ́. Síbẹ̀ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè a máa fi irin gé e wò bóyá bàbà wà nínú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra owó yìí kì í fẹ́ èyí tó ní àpá. Èmi fẹ́ ẹ ju èyí tó ń dán lọ: ẹnì kan gé e, ó rí fàdákà dé inú, ó gbà á.