Kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn: orúkọ aláìsàn ni kọ́kọ́rọ́

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà sọ, òwe náà sì ti rí iṣẹ́ tuntun ṣe lóde òní. Ní ilé ìwòsàn tí ó ń lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Benin ń pè ní ordinateur, orúkọ aláìsàn ni kọ́kọ́rọ́ tí ó ń ṣí àkọsílẹ̀ ìlera rẹ̀. Bí a bá kọ orúkọ náà bí ó ti yẹ, ilẹ̀kùn yóò ṣí. Bí a bá kọ ọ́ ní ọ̀nà mìíràn, ilẹ̀kùn lè má ṣí. Ó tilẹ̀ lè ṣí sí ilé ẹlòmíràn, ìyẹn ni ó sì léwu jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Daagbé gidigidi. Daagbé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn arrondissement mẹ́fà tí ó wà ní kòmúnù Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, ní ẹ̀ka Plateau. Kòmúnù náà fẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, nítorí ọjà, nítorí ẹbí, àti nítorí ìtọ́jú ara pẹ̀lú. Ẹnì kan náà lè gba oògùn ní ìhà ìhín ní ọdún yìí, kí ó sì gba òmíràn ní ìhà ọ̀hún ní ọdún tí ń bọ̀. Ta ni yóò wá rántí gbogbo rẹ̀?

Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ aláìsàn

Títí di ìsinsin yìí, ìwé kékeré tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí carnet ni ó ń rántí. Inú rẹ̀ ni a ti ń rí ìwọ̀n ara ọmọ, ọjọ́ tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn tí dókítà kọ, àti ọjọ́ tí aboyún yóò padà wá. Ìwé náà dára, nítorí pé ibi tí olówó rẹ̀ bá lọ ni òun náà ń lọ. Kò bèèrè iná mànàmáná. Bí ẹni tí ó ni ín bá mọ ìwé kà, ó lè ka ohun tí a kọ nípa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òjò lè pa á. Ikán lè jẹ ẹ́. Ọmọdé lè ya á. Nígbà tí àìsàn bá dé lóru, wọ́n lè gbàgbé rẹ̀ sílé. Ilé ìwòsàn pẹ̀lú ní ìwé ńlá tirẹ̀ tí ó ń kọ orúkọ àwọn tí ó wá sí, ṣùgbọ́n ìwé ńlá náà kì í kúrò lórí tábìlì. Ẹni tí ó bá fẹ́ wá ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn yóò ṣí ojú ìwé títí ọwọ́ yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ìtọ́jú ní Benin dà bí àkàbà. Aláìsàn ń ti ilé ìwòsàn arrondissement lọ sí ti kòmúnù. Bí ọ̀rọ̀ bá le jù bẹ́ẹ̀, ó ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Sakété, tàbí ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, tàbí kí ó dé Kutọnu. Ní orí ìpele kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó gbà á kò mọ̀ ọ́n rí. Wọn yóò tún bèèrè: Kí ni ó ń ṣe ọ́? Oògùn wo ni o ti lò? Ǹjẹ́ oògùn kan wà tí ara rẹ kọ̀? Bí aláìsàn bá dákú, tí carnet rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dáhùn.

Kíkà ọ̀tọ̀, rírántí ọ̀tọ̀

Kọ̀ǹpútà ń ṣe iṣẹ́ méjì ní ọ̀nà ìlera, kò sì yẹ kí a da méjèèjì pọ̀.

Iṣẹ́ kìn-ín-ní ni kíkà. Mélòó ni ó ní ibà ní oṣù yìí? Ọmọ mélòó ni ó gba abẹ́rẹ́? Aboyún mélòó ni ó bímọ ní ilé ìwòsàn? Ìjọba Benin ń lo ètò kan tí a ń pè ní DHIS2 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì ìlú Oslo, ní orílẹ̀-èdè Norway, ni ó ṣe é, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní Áfíríkà sì ń lò ó. Iye àwọn ènìyàn ni a ń kó jọ nínú irú ìròyìn oṣooṣù bẹ́ẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ìjọba mọ ibi tí ó yẹ kí oògùn lọ.

Iṣẹ́ kejì ni rírántí. Níbí, kọ̀ǹpútà ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn rẹ̀, oògùn rẹ̀, ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà nílò irú ìrántí bẹ́ẹ̀ gan-an. Àìsàn wọn kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Dókítà ní láti mọ bí ara wọn ti rí ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kí ó tó mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Ilé-Ifẹ̀ ti gbìyànjú rẹ̀

Àwọn kan lè rò pé ohun òyìnbó nìkan ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1989, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì náà, àti àwọn ará Kuopio ní orílẹ̀-èdè Finland, pawọ́ pọ̀ láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan fún ilé ìwòsàn náà. Àwọn onímọ̀ bí Mikko Korpela àti Abímbọ́lá Ṣórìyàn ti kọ̀wé nípa iṣẹ́ yìí. Ètò náà ń tọ́jú orúkọ àwọn aláìsàn, ọjọ́ tí wọ́n wọlé, ọjọ́ tí wọ́n jáde, àti àìsàn tí ó gbé wọn wá. Nígbà tí ó yá, wọ́n sọ ọ́ ní MINPHIS. Ní ọdún 1993, Ilé-Ifẹ̀ ni ìpàdé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fún ìlera ní Áfíríkà, tí a ń pè ní HELINA, ti kọ́kọ́ wáyé.

Ohun tí Kenya kọ́ wa

Ní oṣù kejì ọdún 2001, ilé ìwòsàn kan ní abúlé Mosoriot, nítòsí ìlú Eldoret ní Kenya, bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀. Kì í ṣe ilé ìwòsàn ńlá. Ilé ìtọ́jú àwọn ará oko ni. Yunifásítì Moi ti Kenya àti Yunifásítì Indiana ti Amẹ́ríkà ni ó ràn án lọ́wọ́.

Ní ọdún 2003, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Àkókò tí aláìsàn ń lò ní ilé ìwòsàn náà ti fi ìdá 22 nínú 100 dín kù. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí fún ìyá tí ó gbé ọmọ pọ̀n, tí ó sì fi ọjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan náà sọ pé àkókò tí aláìsàn fi wà pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú fúnra wọn ti fi ìdá 58 nínú 100 dín kù. Èyí gba àròjinlẹ̀. Ẹ̀rọ lè mú iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ kí ó mọ̀ pé ó gbóná. Bí kọ̀ǹpútà bá gba àkókò lọ́wọ́ ìwé kíkọ, aláìsàn ni ó yẹ kí a fi àkókò náà fún.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná sì wà níbẹ̀. Bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà dákẹ́. Nítorí náà, ilé ìwòsàn tí ó bá gbọ́n kì í ju ìwé nù ní ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà dé. Ó ń wá bátìrì tàbí iná oòrùn, ó sì ń tọ́jú àdàkọ gbogbo àkọsílẹ̀ sí ibòmíràn.

Orúkọ kan, ọ̀nà púpọ̀

Ibi tí ìṣòro àwọn ará ibodè wà gan-an ni ó kàn wá yìí. Ènìyàn mọ̀ pé Adéṣínà kan náà ni Adéṣínà. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ni ó ń kà. Ní Benin, akọ̀wé tí ó kọ́ ìwé Faransé lè kọ orúkọ náà ní «Adéchina». Ní Nàìjíríà, wọn yóò kọ ọ́ ní «Adesina». Ṣẹ́gun lè di «Chégoun» níhìn-ín, kí ó jẹ́ «Segun» lọ́hùn-ún. Ògúndélé lè di «Ogoundélé» tàbí «Ogundele». Ní ojú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ni wọ́n, yóò sì ṣí ìwé méjì fún wọn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì, bí oògùn tí ara aláìsàn kọ̀, lè wà nínú ìwé kan, nígbà tí dókítà ń ka èkejì.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ènìyàn kan lè ní orúkọ ilé, kí ó ní orúkọ mọ́ṣáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó tún ní èyí tí wọ́n fi ń pè é ní ọjà. Bí ó bá sọ ọ̀kan lónìí, tí ó sì sọ òmíràn lọ́la, ta ni yóò mọ̀ pé òun náà ni?

Ọjọ́ ìbí pẹ̀lú ń dá wàhálà sílẹ̀. Nínú ìwé ọ̀pọ̀ àgbà, «né vers 1962» ni a kọ, ìyẹn ni pé a bí wọn ní nǹkan bí ọdún 1962. Kọ̀ǹpútà a máa bèèrè ọjọ́ àti oṣù. Akọ̀wé kan lè fi ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún sí i, kí òmíràn fi ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún sí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì náà. Ilẹ̀ Yorùbá ni a mọ̀ káàkiri ayé fún bíbí ìbejì púpọ̀. Táíwò àti Kẹ́hìndé ní orúkọ baba kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ìyá kan náà, ilé kan náà. Bí akọ̀wé bá ń kánjú, ó lè kọ oògùn Táíwò sínú ìwé Kẹ́hìndé.

Nọ́ńbà tí kì í yí padà

Nítorí irú ìdàrúdàpọ̀ yìí ni nọ́ńbà fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2017, ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ ètò RAVIP láti kọ orúkọ gbogbo ará ìlú sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ANIP ni ó ń tọ́jú ìforúkọsílẹ̀ náà. Ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí a ń pè ní NPI. Orúkọ lè gba ọ̀nà mẹ́ta kọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan kò ju ọ̀kan lọ. Táíwò ní tirẹ̀, Kẹ́hìndé ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá mú ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí rẹ̀ dání lọ sí ilé ìwòsàn ti ran akọ̀wé lọ́wọ́, ó sì ti ran ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Àṣírí aláìsàn

Ìbẹ̀rù kan wà tí ó tọ́. Carnet wà nínú àpò ẹni. Ta ni ó lè ka ohun tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà? Òfin Benin ti dáhùn. Òfin nọ́ńbà 2017-20, ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, fi ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ara àwọn ọ̀rọ̀ tí ó nílò ààbò pàtàkì. Òfin náà fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí a kọ nípa rẹ̀, àti láti ní kí a tún un ṣe bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí a ń pè ní APDP ni ó ń bójú tó o. Òun ni a lè mú ẹjọ́ lọ bá.

Ohun tí ó yẹ kí aláìsàn ṣe

Kí ó yan ọ̀nà kan tí yóò máa gbà kọ orúkọ rẹ̀, èyí tí ó wà lórí ìwé ìbí tàbí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀, kí ó má sì yí i padà.

Kí ó mú carnet rẹ̀ dání nígbà gbogbo, kódà bí ilé ìwòsàn bá ní kọ̀ǹpútà. Kí ó fi í sínú ọ̀rá kí omi má bà á jẹ́.

Bí ó bá gba ìtọ́jú ní Nàìjíríà, kí ó mú ìwé tí wọ́n fún un níbẹ̀ wálé, kí ó sì fi han dókítà níhìn-ín.

Bí ara rẹ̀ bá kọ oògùn kan, kí ó ní kí a kọ orúkọ oògùn náà sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú carnet.

Kí ó tó kúrò ní ibi tí a ti ń kọ orúkọ, kí ó sọ pé: «Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n wo bí ẹ ṣe kọ orúkọ mi.» Kí ó ka orúkọ náà, kí ó ka ọdún ìbí, kí ó ka nọ́ńbà. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé tí ó gbọ́n yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo tí ó bá sọnù lè gba oṣù púpọ̀ kí a tó rí i.

Ẹni tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ ní ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n tí ó lè kà á lónìí, ti ní ohun tí dókítà kankan kò lè fún un. Kí ó lò ó.