Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló dé tí WhatsApp ò sí lórí fóònù oníbọ́tìnnì mọ́?

Bí ọmọ yín bá ra fóònù oníbọ́tìnnì KaiOS ránṣẹ́ sí yín ní ìlú Òfìkì torí pé bátìrì rẹ̀ kì í tètè kú, ẹ má wulẹ̀ wá WhatsApp níbẹ̀.

Fóònù ọ̀hún kò bàjẹ́ o. KaiOS ni ètò tó ń darí rẹ̀, ara Firefox OS tí ilé iṣẹ́ Mozilla pa tì ni wọ́n sì ti fà á yọ. Áàpù Android kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun á fi Xender, áàpù tí wọ́n fi ń fi fáìlì ránṣẹ́, fi WhatsApp ránṣẹ́ síbẹ̀ kàn ń fàkókò ṣòfò ni. Àfi kí ẹni tó ni áàpù jókòó ṣe ti KaiOS lọ́tọ̀. WhatsApp ṣe é, ó sì kárí àwọn fóònù KaiOS ní 2019. Ní oṣù kẹfà 2024, wọ́n ní ẹni tuntun kò lè gbà á mọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni wọ́n pa á pátápátá. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lo BlackBerry, ẹ ò ní gbàgbé òpin 2017 tí WhatsApp pa tiyín náà tì.)

Ó ń bí èèyàn nínú: ẹni tó fowó iṣu ra fóònù ò sí níbi tí wọ́n ti ń ṣèpinnu. Àmọ́ ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ àti kóòdù báńkì ṣì ń lọ ní tiwọn lórí fóònù náà. Kẹ́ ẹ tó sanwó ní Tedé tàbí Ṣakí, ẹ bi ẹni tó ń tà á: Android ni àbí KaiOS?