Nọ́ńbà Ìdánimọ̀ àti Àwo Orin Fẹlá Ṣówándé

Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì bá ń wá African Suite tí Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) kọ, ohun tí yóò bá pàdé ju ẹyọ kan lọ. Ilé-iṣẹ́ Decca gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Trevor Harvey sì ni olùdarí. Ní ọdún 2000, Cedille Records ti ìlú Chicago gbé apá kan nínú rẹ̀ jáde. Paul Freeman ni ó darí ẹgbẹ́ Chicago Sinfonietta. Orin kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn méjì ni a gbà sílẹ̀. Kí ni ó ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì?

Oríṣi nọ́ńbà mẹ́ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. ISWC jẹ́ ti orin gẹ́gẹ́ bí akọrin ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: ó dà bí orílẹ̀ tí gbogbo ọmọ ìdílé jọ ń jẹ́. ISRC, tí ìlànà rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1986, jẹ́ ti ohùn tí a gbà sílẹ̀: orúkọ àbísọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ni. Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́, bí i CDR 90000 055 ti Cedille, jẹ́ ti àwo tí a ń tà lọ́jà. Àwo ti Decca ti jáde ṣáájú kí ISRC tó wà. Nọ́ńbà ara bébà àwo àti èyí tí a fín sí ẹ̀gbẹ́ àárín rẹ̀ ni a fi ń dá irú àwo bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Àmì 12 ni ó wà nínú ISRC. Lẹ́tà méjì ló ṣáájú, bí i NG fún Nàìjíríà. Mẹ́ta tọ́ka sí ẹni tí ó fún ohùn náà ní nọ́ńbà. Méjì fún ọdún. Márùn-ún tó kù jẹ́ òǹkà. Ibí yìí ni olùwádìí ti lè ṣìnà. Ọdún tí a fi nọ́ńbà lélẹ̀ ni ó ń sọ, kì í ṣe ọdún tí a gba ohùn sílẹ̀. Ohùn ọdún 1952 tí ó gba nọ́ńbà ní 2024 yóò gbé 24. Bákan náà, bí a bá ta ohùn náà fún ẹlòmíràn, nọ́ńbà rẹ̀ kì í yí padà. Nítorí náà kò lè jẹ́rìí ẹni tí ó ni ín lónìí.

Ìṣòro orin klásíkà tún pọ̀ sí i. Abala kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba ISRC tirẹ̀, orúkọ Ṣówándé kò sì sí nínú àmì 12 náà. Bí ẹni tí ó ń forúkọ sílẹ̀ bá kọ orúkọ olùdarí nìkan, ẹni tí ó kọ orin ti sọnù nìyẹn, owó tí ó tọ́ sí àwọn àrólé rẹ̀ sì lè ṣìnà pẹ̀lú.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Èmùré tí ó bá fẹ́ gbé orin jáde gbọ́dọ̀ gba ISRC fún orin kọ̀ọ̀kan kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ akọrin, olùdarí, ibi àti ọjọ́ ìgbohùnsílẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ńbà láìsí àkọsílẹ̀ dà bí orúkọ tí kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ń jẹ́ ẹ.