Ìwọ̀n Ara Asáré: Kí Ni Ó Ń Mú Un Lọ Sókè, Kí Ni Ó Ń Mú Un Wálẹ̀?

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré-ìje Máráthọ̀n ti Ìlú Èkó, láti Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè títí dé Eko Atlantic. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni gígùn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbi gbogbo tí a ti ń sá irú eré-ìje yìí ní àgbáyé. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, olùkọ́, oníṣòwò àti àwọn ìyá ọlọ́jà pàápàá ti ń gbáradì fún un. Ní àdúgbò Agric ní Ìkòròdú, ẹni tí ó bá tètè jáde láti wọ ọkọ̀ lọ sí Máìlì 12 kò ní ṣàì rí ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn ní etí títì, tí wọ́n ń sáré kí oòrùn tó yọ, kí ọkọ̀ sì tó kún ojú ọ̀nà.

Ohun kan wà tí ó máa ń da irú àwọn ènìyàn báyìí láàmú, tí ó sì máa ń da ìdílé wọn láàmú pẹ̀lú. Ohun náà ni òṣùwọ̀n. Lónìí yóò sọ pé kílò kan àti ààbọ̀ ti lọ. Ní ọ̀túnla yóò ní kílò méjì ti dé. Ní ilẹ̀ wa, bí ènìyàn bá rù, ẹjọ́ ni. Ìyá ọkọ yóò bi ìyàwó léèrè ohun tí ó ń fún ọmọ òun jẹ, àwọn ará ilé yóò sì máa sọ̀rọ̀ àìsàn lábẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó sanra díẹ̀ ni, wọn yóò ní eré tí ó ń sá kò ṣe nǹkan kan fún un. Nítorí èyí ni àwọn kan ṣe ń febi pa ara wọn, tí àwọn mìíràn sì ń mu àgbo tí ń fọ inú. Ewu ń bẹ nínú méjèèjì. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òṣùwọ̀n ń wọ̀n gan-an.

Ohun tí ó tètè ń lọ

Òṣùwọ̀n kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rá, ẹran ara, omi, oúnjẹ tí ó wà nínú ikùn àti ìgbẹ́ tí kò tí ì jáde. Gbogbo rẹ̀ ni ó ń kà pọ̀. Nínú wọn, omi ni ó tètè ń yí padà jù lọ, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan. Ẹni tí ó bá sáré fún wákàtí kan nínú ooru Èkó lè làágùn tó lítà kan. Àwọn mìíràn a máa làágùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá gun òṣùwọ̀n ní kété tí ó délé, yóò rò pé ọ̀rá ni ó ti jó dànù. Rárá o. Bí ó bá mu omi tí ó sì jẹun, ohun tí ó lọ yóò padà wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn bá sáré kìlómítà kan, agbára tí ara rẹ̀ ń ná súnmọ́ kálórì kan fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n. Ẹni tí ó wọn 70 kílò, tí ó sì sáré kìlómítà mẹ́wàá, ti ná nǹkan bí 700 kálórì. Ṣùgbọ́n kílò ọ̀rá ara kan ní nǹkan bí 7,700 kálórì nínú. Èyí já sí pé yóò sáré tó kìlómítà 110, láìfi nǹkan kan kún oúnjẹ tí ó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kí kílò ọ̀rá kan tó lọ. Ta ni í sá kìlómítà 110 ní òwúrọ̀ kan? Nítorí náà, kílò méjì tí ó lọ láàrin ọjọ́ kan kì í ṣe ọ̀rá. Èyí tí ó dé láàrin ọjọ́ kan kì í sì í ṣe ọ̀rá pẹ̀lú.

Ibí yìí ni ó yẹ kí a ti mẹ́nu ba àwọn tí ń wọ ọ̀rá mọ́ra sáré kí wọ́n lè làágùn dáadáa. Òógùn tí kò rí ọ̀nà gbẹ kò lè tu ara lára. Ara yóò gbóná kọjá ààlà, ènìyàn sì lè ṣubú kí ó dákú, kódà ó lè kú. Ní ti tíì tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ pé ó ń yọ ọ̀rá, ọ̀pọ̀ nínú wọn ìgbẹ́ àti omi ni wọ́n ń yọ.

Kí ló dé tí mo ń sáré tí mo sì ń wúwo sí i?

Ẹ̀bà, iṣu, ìrẹsì, ẹ̀kọ àti ìkókóre wa, ara a máa sọ wọ́n di ṣúgà. Èyí tí kò bá lò lójú ẹsẹ̀, yóò kó o pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ bí àgbẹ̀ ti í kó àgbàdo sínú àká. Nínú àgbàlagbà, ohun tí a kó pamọ́ báyìí lè tó 400 sí 500 gíráàmù, gíráàmù kọ̀ọ̀kan a sì máa fa nǹkan bí gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra. Bí asáré bá sá eré gígùn, àká yìí a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, omi rẹ̀ a sì bá a lọ. Bí ó bá sinmi tí ó sì jẹun, àká a tún kún. Kílò kan àbọ̀ sí méjì lè tipa báyìí lọ kí ó sì bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú ọjọ́ eré-ìje, nígbà tí asáré ń dín eré rẹ̀ kù, ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń gòkè díẹ̀ nítorí pé àká ń kún. Ẹ̀rù a ba àwọn mìíràn, wọn a sì dín oúnjẹ kù ní àkókò náà gan-an tí ara nílò rẹ̀. Èmi kò rí ohun tí ó burú tó èyí nínú gbogbo ìgbáradì. Àká òfìfo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbé dé orí Afárá Third Mainland, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12, tí kò sì ní ibòji.

Iṣan tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ro náà a máa wú, a sì dá omi dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Iyọ̀ inú súyà àti núdùlù alẹ́ àná ń ṣe bákan náà. Ọ̀pọ̀ obìnrin sì máa ń wúwo díẹ̀ sí i bí nǹkan oṣù wọn bá ku ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ẹran ara lè máa pọ̀ bí ọ̀rá ti ń dínkù: òṣùwọ̀n kò ní mira, ṣùgbọ́n ṣòkòtò yóò tú ní ìbàdí.

Omi àmujù

Wọ́n ti tẹnu mọ́ omi mímu fún wa tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń mu ún láìdúró. Lẹ́yìn eré-ìje Máráthọ̀n ti Boston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ ìṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ asáré 488 wò. Mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Àmì tí ó bá a rìn jù lọ ni pé ìwọ̀n ara wọn pọ̀ sí i lẹ́nu eré náà. Orí fífọ́, èébì, ìdàrúdàpọ̀ ọkàn àti gìrì lè tẹ̀lé e, ó sì lè pa ènìyàn.

Ẹ wọn ara yín kí ẹ tó jáde sá eré gígùn, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ bá dé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti nu òógùn kúrò. Bí ohun tí ó dínkù lára ẹni tí ó wọn 70 kílò bá ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ, omi tí ó mu kéré. Bí ó bá wúwo ju bí ó ti jáde lọ, ó ti mu ún jù. Òùngbẹ ni kí ẹ máa tẹ̀lé. Ọ̀rá púà wọ́tà kan súnmọ́ ìdajì lítà. Ìyẹn yóò jẹ́ kí ẹ lè ka iye tí ẹ ń mu.

Nígbà tí kì í ṣe eré ni ó fà á

Àárọ̀ ni kí ẹ máa wọn ara, lẹ́yìn ìtọ̀ àti ìgbẹ́, kí ẹ tó jẹun, lórí òṣùwọ̀n kan náà tí a gbé sórí ilẹ̀ tí ó le, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ wé ọ̀sẹ̀ dípò ọjọ́ wé ọjọ́.

Bí ìwé náà bá fi hàn pé ẹ ń rù láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì ń jẹun bí ó ti yẹ, ẹ má ṣe gbé gbogbo rẹ̀ lé eré lórí. Ikọ́ tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ibà, àti òógùn tí ń tutù mọ́ni lára lóru lè jẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba. Òùngbẹ àti ìtọ̀ àtọ̀tọ̀tún lè jẹ́ àrùn àtọ̀gbẹ. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò bá wá fún oṣù mẹ́ta, tí kò sì lóyún, lè jẹ́ pé oúnjẹ tí ó ń jẹ kò ká eré tí ó ń sá. Egungun rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, kí ó sì máa sán nínú eré. Aláboyún, ìyá ọlọ́mọ àti ẹni tí ó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí ń fa egungun ríro gbọ́dọ̀ rí dókítà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré gígùn rárá.

Bí ẹ bá ń lọ sí ilé-ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín, ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n yín sí dání, kí dókítà lè rí ọjọ́ tí rírù náà bẹ̀rẹ̀.