Akọ ni àbí abo? Ohun tó yẹ kí ẹ rò kí ẹ tó ra àgùntàn sínú agbo ilé

Láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, àgùntàn wà lára àwọn tó ń lo títì. Wọ́n á dúró sáàárín ọ̀nà bíi pé àwọn ló ń san owó orí rẹ̀, Micra á fun fèrè títí, wọn ò ní mira. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kálukú wọn á ṣẹ́rí padà sí agbo ilé tó ni ín, ní Mápó, ní Bẹ́yẹrúnká àti láwọn kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ ò lè wọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sìn wọ́n ò lóko, wọn ò sì pe ara wọn ní àgbẹ̀. Èèpo iṣu wà nílẹ̀, eèrí ọkà ò wọ́n, àwọn ọmọ ilé fẹ́ràn ẹran, bí wọ́n ṣe ra ẹyọ kan nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ rà á gan-an ni ìbéèrè máa ń dé: ṣé akọ ni kí wọ́n mú, àbí abo? Akọ ló máa ń wu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó níwo, ó ní gọ̀gọ̀ lọ́rùn, àyà rẹ̀ fẹ̀, Iléyá sì ń bọ̀ lọ́nà. Ẹni tó ń tà á náà ò ní sọ pé kí ẹ má mú un. Àmọ́ nínú agbo ilé tí ìdílé mẹ́fà ń lo àgbàlá kan, tí ọmọdé ń sáré kiri, tí ìyá àgbà ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀ dalẹ́, abo ló sàn jù, àfi tí ẹ bá ní ìdí kan pàtó tí ẹ fi ń wá akọ.

Ewu akọ kọ́kọ́ wà nínú orí rẹ̀. Àgbò tí ò mọ èèyàn dáadáa máa ń sá tó bá rí èèyàn. Èyí tí wọ́n fọwọ́ bọ́ láti kékeré, tí àwọn ọmọ ń ti lórí ṣeré, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́. Lójú tiẹ̀, ẹgbẹ́ òun ni wọ́n, ẹgbẹ́ ẹni la sì ń bá kàn. Nígbà tó wà lóṣù mẹ́ta, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín. Tó bá fi máa pé ọdún kan àbọ̀, ẹ̀rín ti tán. Àwọn àgbà ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá, ẹni tó bá ti rí i tó ń fẹ̀yìn rìn sí òun ní àgbàlá mọ̀ pé kì í ṣe òwe lásán. Nítorí náà, ẹ má fi àtẹ́lẹwọ́ ti iwájú orí ọmọ àgbò, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé ṣe é. Tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ pa á lára, abẹ́ àgbọ̀n tàbí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni kí ẹ fọwọ́ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àsọdùn ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, àgbò kan ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Sudan kan obìnrin ẹni ọdún 45 níhà títí tó fi kú. Àwọn ọlọ́pàá mú àgbò náà, ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ sì ní kó lọ lo ọdún mẹ́ta ní bárékè ológun. Ọ̀pọ̀ ló fi ìròyìn yẹn rẹ́rìn-ín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n èèyàn ló kú. Àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ wa kì í tóbi púpọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ti Òkè Ọya wá, bíi Uda àti Balami, akọ wọn lè wọ̀n ju kílò 60 lọ, àwọn yẹn gan-an sì ni èèyàn ń wá tí Iléyá bá ti ń súnmọ́lé.

Èkejì ni pé akọ kì í gbélé. Tó bá ti gbóòórùn abo tó ń wá akọ, kò sí títì tí ò ní sọdá, kò sí ilé tí ò ní wọ̀. Tó bá bá akọ mìíràn níbẹ̀, ìjà dé nìyẹn, àti ìgbá ata alátà tó wà nítòsí. Ẹ ò lè tú u sílẹ̀ bíi ti abo. Ẹ gbọ́dọ̀ so ó, ẹran tí wọ́n sì so mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin lẹ ó máa gbé oúnjẹ àti omi lọ bá a. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú Iléyá ńkọ́? Ẹ ó máa ṣọ́ ọ lóru, torí olè.

Abo ò ní gbogbo wàhálà yìí. Ó máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, á bá wọn bọ̀. Tó bá ń wá akọ, á ké díẹ̀, kò sì ju ọjọ́ kan sí méjì lọ. Bí kò bá gboyún, á tún padà wá ní nǹkan bí ọjọ́ 17. Oyún rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 150, ìyẹn oṣù márùn-ún. Àgùntàn ilẹ̀ wa kì í yan ìgbà tí yóò bímọ, òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, ìbejì ò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè bímọ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan àbọ̀. Ẹni tó ra akọ ní ẹran kan, ọjọ́ tó bá pa á tàbí tó tà á, ó parí. Ẹni tó ra abo lè má rí owó kankan lọ́dún àkọ́kọ́, àmọ́ lọ́dún kẹta, àgbò Iléyá rẹ̀ lè ti inú ilé jáde.

Ohun tó mú kí ó jẹ́ abo ni wọ́n ń fi síni lọ́wọ́ sìn láti ayébáyé nìyẹn. Ẹni tó lówó á ra abo, á fà á lé ẹni tó láyè lọ́wọ́, wọ́n á sì máa pín ọmọ. Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ ní ẹran tiwọn láìná kọ́bọ̀. Ibẹ̀ náà ni ìjà mọ̀lẹ́bí ti máa ń bẹ̀rẹ̀: ta ló ni àkọ́bí? Bí ó bá bí ìbejì, akọ kan, abo kan, ta ló máa kọ́kọ́ mú? Bí ọmọ bá kú, ti ta ló kú? Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ síta lójú ẹni mẹ́ta kí okùn ẹran tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá gba abo nínú ìpín ló gba iṣẹ́ ọdún púpọ̀. Ẹni tó gba akọ gba owó tó yá. Àwọn méjèèjì ò dọ́gba, kí ẹnikẹ́ni má sì díbọ́n pé wọ́n dọ́gba.

Abo náà ní ìnáwó tirẹ̀ o. Tó bá ń rọbí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé. Ọmọ gbọ́dọ̀ mu omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki, láàárín wákàtí díẹ̀, torí inú rẹ̀ ni ohun tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àìsàn wà. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ilé kì í kà sí: ọmọ akọ tí abo yín bá bí lè gun ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀. Tó bá ti ń lé oṣù mẹ́rin, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ tà á, tàbí kí ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, ọmọ tó ń wáyé lẹ́yìn ọdún mélòó kan á máa kéré sí i, wọ́n á sì máa kú.

Títẹ̀ lọ́dàá gan-an ni ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí akọ ṣì wù. Dókítà ẹran ni kó ṣe é, ó sì sàn kí ọmọ àgbò tó pé oṣù mẹ́ta. Á sanra, á fara balẹ̀, kò ní máa lé abo kiri. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé kò ní ṣeé fi ṣe ọdún mọ́. Ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà pé ó tọ́, abo náà sì tọ́. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni ẹran tó fọ́jú, tó yarọ, tó ń ṣàìsàn, tàbí tó rù kan egungun. Ohun kan tó yẹ kí ẹ ṣọ́ lára akọ, pàápàá èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, ni òkúta inú ìtọ̀. Ojú ọ̀nà ìtọ̀ akọ tóóró. Bó bá jẹ́ àgbàdo àti eèrí nìkan lẹ ń kó fún un, láìsí koríko àti omi tó pọ̀, òkúta lè dí i. Bí ẹ bá rí i tó ń tiraka láti tọ̀ tí ìtọ̀ ò jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wá dókítà, ẹ má dúró di ọ̀la.

Akọ tàbí abo, ẹyọ kan ṣoṣo ò dáa. Ẹran agbo ni àgùntàn; tó bá dá wà, á máa ké, kò ní jẹun dáadáa. Abo méjì, tàbí abo kan àti akọ tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá, lè gbé pọ̀ láìsí wàhálà. Akọ méjì tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá nínú àgbàlá kékeré, ẹ má gbìyànjú ẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé ọjà, ẹ má fi ìwo dá akọ mọ̀, torí abo àwọn ẹ̀yà kan náà ń ní ìwo díẹ̀. Ẹ gbé ìrù ọmọ ẹran sókè: ihò kan ni akọ ní níbẹ̀, abo ní méjì. Bí ẹ bá ń ra akọ fún bíbí, ẹ fọwọ́ kan wóró ẹpọ̀n rẹ̀, kí ó pé méjì, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bó bá jẹ́ abo, ẹ wo ọmú. Èyí tó le bí òkúta lápá kan lè má fún ọmọ ní wàrà. Ẹ wo imú àti ojú àwọn méjèèjì, ẹ sì wo ìdí, bóyá ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́ irun.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì nítorí àìsàn tí wọ́n ń pè ní kátá, tí àwọn dókítà mọ̀ sí PPR. Ikun imú, omi ojú, egbò ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru, lẹ́yìn náà ikú. Orílẹ̀-èdè Ivory Coast ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1942. Láwọn ọdún 1980, àwọn olùṣèwádìí àjọ ILCA tó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn rí i pé ó wà lára ohun tó ń pa àgùntàn àti ewúrẹ́ jù lọ ní ìhà wa. Kì í ran èèyàn, kò sì mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Kò ní oògùn tó ń wò ó, àmọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran NVRI ní Vom, nítòsí Jos, ló ń ṣe é. Ẹ so ẹran tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ ti ilé. Ẹ lè béèrè abẹ́rẹ́ náà nílé ìwòsàn ẹran ti ìjọba ní Mọ́kọ́lá. Bí ẹran bá pọ̀ nínú agbo ilé, kí gbogbo onílé para pọ̀ pe dókítà wá lọ́jọ́ kan, torí ẹran aládùúgbò tí kò gba abẹ́rẹ́ ni tiyín ń bá jẹ koríko.