Ṣé o mọ̀ pé ọdún máa ń lórúkọ?

Bi Yorùbá kan tó ti pẹ́ ní Life Camp, l'Ábújá, nípa ọjọ́ tó dé ìlú yìí. Ó lè má dárúkọ ọdún rárá. "Láyé Babangida ni," ni yóò wí, ìwọ náà á sì rántí ìgbà tí olú-ìlú kúrò l'Ékòó, ní December 12, 1991. Àṣà wa ni. Aláàfin Abíọ́dún ti wàjà láti 1789, síbẹ̀ "láyé Abíọ́dún" kò kúrò lẹ́nu wa.

Ní Japan àtijọ́, ààfin fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọdún lórúkọ, orúkọ tó dà bí àdúrà. Láyé Ọba Daigo, tó jọba láti 897 títí di 930, wọ́n pe 901 ní ọdún kìíní Engi. Ọdún karùn-ún rẹ̀, 905, ni ọba ní kí wọ́n kó ewì jọ sínú ìwé Kokinshū, tí wọ́n ṣì ń kà dòní.

Èyí tó wú mi lórí jù rèé: nígbà tí omíyalé àti àìsàn ń dààmú ìlú ní 923, wọ́n pa Engi tì, wọ́n sọ ọdún náà di Enchō, Daigo sì ṣì wà lórí ìtẹ́.